Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba oníṣòwò lórí Google

Ní Ìbàdàn níbí, bí ènìyàn bá ti gbọ́ pé iṣẹ́ wẹ́bùsáìtì ni mò ń ṣe, ìbéèrè kan ló máa ń tẹ̀lé e: "Ṣé o lè gbé wa dé iwájú Google?" Wọ́n ti bi mí bẹ́ẹ̀ ní Bódìjà, wọ́n ti bi mí ní Gbági. Níbi ìsìnkú àgbà kan, ọkùnrin kan tó ń ṣe fèrèsé onígíláàsì fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kánópì, ó fẹ́ mọ èló ni ipò kìíní. Mo ní ipò kìíní nínú kí ni. Ó ní, "Nínú Google náà ni." Mi ò bá a jiyàn. Àmàlà ti dé, mi ò sì fẹ́ kó tutù.

Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni àṣìgbọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Google kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo tí gbogbo oníṣòwò ìlú tò sí. Ohun tó wà ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹnìkan tẹ̀, níbi tó wà nígbà tó tẹ̀ ẹ́, ní èdè tí fóònù rẹ̀ ń lò. Ẹni tó wà ní Challenge tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta àmàlà kò ní rí ohun tí ẹni tó wà ní Òjòó máa rí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "mo wà ní ipò kìíní" kò tíì sọ nǹkan kan, àfi tó bá fi kún un pé lórí ọ̀rọ̀ wo, àti lójú ta ni.

Alhaji kan tó ní gbọ̀ngàn àríyá lápá Ring Road máa ń fi fóònù wọn hàn mí tayọ̀tayọ̀. Wọ́n á tẹ orúkọ gbọ̀ngàn náà, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ yọ. "Ṣé o rí i? Ẹni tó bá wa ṣe é gbówó, àmọ́ ó ṣiṣẹ́." Orúkọ tí kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ ẹ ni Alhaji tẹ̀. Ta ló tún kù tí Google ìbá gbé síwájú? Ẹni tó ti mọ orúkọ yẹn débi tó fi lè tẹ̀ ẹ́ ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń múra ìgbéyàwó, tí kò gbọ́ orúkọ wọn rí, "event centre in Ibadan" ni yóò tẹ̀. Mo bẹ Alhaji pé kí wọ́n tẹ ìyẹn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ti ojú ìwé lọ sókè, wọ́n ń tì í, wọn ò rí ara wọn. Wọ́n ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó náà kò yàtọ̀ sí èyí. Lóòótọ́, ènìyàn lè sanwó fún Google kí orúkọ rẹ̀ wà lókè pátápátá. Google á kọ "Sponsored" sí i, bí owó bá sì ti tán, orúkọ á lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ ni pé ẹni tó bá ń polówó déédéé, Google á máa fi ojúure wò ó nínú àbájáde tó kù. Google ti sọ ọ́ ní gbangba pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìlànà tí wọ́n ṣe fún àwọn oníwẹ́bùsáìtì pé kò sí ẹni tó lè ṣe onídùúró ipò kìíní fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ṣèlérí rẹ̀ fún yín, ẹ bi í bóyá ìpolówó ló fẹ́ rà fún yín, tàbí orúkọ yín ló fẹ́ tẹ̀.

Kí n wá sọ ti línkì, torí ibẹ̀ ni owó ń gbà jáde lápò àwọn ènìyàn wa jù. Ní 1998, Larry Page àti Sergey Brin, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọ̀nà tí wọ́n fi ń to ojú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n pè ní PageRank. Bí ojú ìwé kan bá nawọ́ línkì sí òmíràn, ẹ̀rí ló jẹ́ fún un. Bí ẹni tó jẹ́rìí bá sì ṣe gbajúmọ̀ tó ni ẹ̀rí rẹ̀ á ṣe wúwo tó. Bí ìdílé ṣe ń wádìí ọkọ tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ náà nìyẹn: wọn kì í bi ọkọ ìyàwó léèrè bóyá ó níwà, àdúgbò ni wọ́n ń bi. Kò sì pẹ́ tí àwọn kan fi rí i pé àdúgbò ṣeé rà. Wọ́n kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wẹ́bùsáìtì tí ẹnì kankan kì í kà, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ wọn fún kò ju kí wọ́n máa jẹ́rìí lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, Google gbé àtúnṣe kan tí wọ́n sọ ní Penguin jáde láti kojú irú àwọn línkì bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wẹ́bùsáìtì sì já bọ́ kúrò nípò tí wọ́n wà. Láti 2016 ni Penguin ti wọ inú ẹ̀rọ Google gan-an. Kì í sáábà fìyà jẹ gbogbo wẹ́bùsáìtì mọ́, ńṣe ló kàn ń fojú fo irú línkì bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé kò sí.

Ìyẹn gan-an ló burú jù lójú tèmi. Bí ìyà bá jẹ ènìyàn, á mọ̀ pé òun ṣe ohun kan. Àmọ́ ẹni tó ra línkì ẹgbẹ̀rún kan lónìí, tí Google kò kà á sí, kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó tà á fún un á ní kó ní sùúrù, SEO, ìyẹn iṣẹ́ gbígbé wẹ́bùsáìtì ga nínú àbájáde Google, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Òótọ́ sì ni pé kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan! Òótọ́ yẹn ni wọ́n fi ń bo irọ́ mọ́lẹ̀.

Àwọn tó ń ta línkì tún ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tà á: "Domain Authority." Ọjà yìí jẹ́ 40, tọ̀hún jẹ́ 70, 70 ló wọ́n jù. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Moz, tó ń ta irinṣẹ́ SEO, ló ṣe òṣùwọ̀n yẹn láti fi fojú díwọ̀n bí wẹ́bùsáìtì ṣe lè ṣe dáadáa sí. Google kọ́ ló ṣe é, Google kì í sì lò ó. Nígbà kan rí, Google fúnra rẹ̀ máa ń fi máàkì PageRank hàn gbogbo ènìyàn, láti òdo dé 10. Wọ́n dá ìyẹn dúró ní 2016, mo sì rò pé ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé ọjà línkì ti sọ ọ́ di ìdíyelé. Ibi tó ṣófo yẹn ni àwọn máàkì mìíràn wá jókòó sí.

Ti kíwọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa ń tẹ̀ láti fi wá nǹkan, kò gba àlàyé gígùn. Àyè kan wà nínú kóòdù ojú ìwé tí ẹni tó bá kọ́ ọ lè to ọ̀rọ̀ sí lọ bẹẹrẹ, tí òǹkàwé kò ní rí i. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2009 ni Google ti kéde pé àwọn kì í wò ó tí àwọn bá ń to àbájáde. Mo ṣì ń rí i lórí ìwé owó àwọn tó ń ṣe wẹ́bùsáìtì nílùú yìí, tòun ti iye owó níwájú rẹ̀. Bákan náà ni àwọn tó ń kọ "best aso oke in Ibadan" ní gbogbo ìlà méjì-méjì: wọ́n ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó dití, ènìyàn tó wá rajà kò sì lè kà á. Àwọn kan ti wá gba ọ̀nà mìíràn báyìí, wọ́n ń ní kí AI bá wọn kọ ọgọ́rùn-ún àròkọ ní ọ̀sán kan. Google kò sọ pé ohun tí AI kọ jẹ́ èèwọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú òfin wọn ní oṣù kẹta ọdún 2024 ni pé ẹni tó bá ń da ojú ìwé rẹpẹtẹ síta torí kó lè gòkè nìkan, tí kò ṣe ènìyàn kankan láǹfààní, ìdọ̀tí ni àwọn ń pe ohun tó ń ṣe, ì báà jẹ́ AI ló kọ ọ́, ì báà jẹ́ ọmọ ènìyàn.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ìwé àyẹ̀wò. Ẹ mọ̀ ọ́n: ẹnìkan tí ẹ ò mọ̀ rí á fi í-meèlì ránṣẹ́ sí yín, PDF gígùn á wà nínú rẹ̀, àwọ̀ pupa á sì kún inú PDF ọ̀hún fọ́fọ́. Àṣìṣe tó wà lórí wẹ́bùsáìtì yín lé ní ọgọ́rùn-ún, ẹ tètè pè wá. Ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ lè má tíì ṣí wẹ́bùsáìtì yín wò rí. Àṣìṣe wo ló wà níbẹ̀? Wọ́n ní àkọlé ojú ìwé yín ti gùn jù. Google kò fi òṣùwọ̀n lẹ́tà kankan lélẹ̀ fún àkọlé, ó kàn ń gé èyí tí kò bá gbà lójú fóònù ni. Wọ́n ní H1 méjì, ìyẹn àkọlé ńlá inú ojú ìwé, wà lójú ìwé kan. Google ti sọ pé ìyẹn kò dí àwọn lọ́wọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yín kéré sí kóòdù yín, wọ́n sì fi ìdá ọgọ́rùn-ún gbè é lẹ́sẹ̀. Google kì í wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láàárín gbogbo rẹ̀, ẹ lè bá èyí tó ṣe pàtàkì pàdé, bíi línkì tó ti kú, tàbí àwòrán tí kò ní àpèjúwe fún ẹni tí kò ríran tó ń fi fóònù kàwé sétí. Àmọ́ pupa kan náà ni wọ́n fi kùn wọ́n, báwo ni oníṣòwò ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀?

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan lápá Àkóbọ̀ ránṣẹ́ pè mí. Oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó SEO, wọn ò sì tíì rí òbí kan tó ní orí Google lòun ti rí wọn. Ìwé àyẹ̀wò wọn dára, máàkì rẹ̀ lé ní 90 nínú 100, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tiẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo tẹ "site:" sínú Google, mo lẹ orúkọ wẹ́bùsáìtì wọn mọ́ ọn. Òfo. Google kò ní ojú ìwé wọn kan ṣoṣo lọ́wọ́. WordPress, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ wẹ́bùsáìtì, ni wọ́n fi kọ́ ọ, àpótí kékeré kan sì wà nínú Settings rẹ̀, lábẹ́ Reading, tí ènìyàn lè fi àmì sí láti sọ fún àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí pé kí wọ́n má gba wẹ́bùsáìtì náà sílé. Ẹni tó kọ́ ọ fi àmì sí i nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, ohun tó dáa ló ṣe nígbà náà. Kò rántí yọ ọ́ mọ́. Ẹlòmíràn wá gba iṣẹ́ SEO, ó ń gba owó, ó ń fi máàkì ránṣẹ́, kò béèrè bóyá Google mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ náà wà láyé. Mo yọ àmì yẹn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú ìwé wọn bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ìjà tó wáyé láàárín àwọn àti ẹni tó ń gba owó oṣooṣù kò kàn mí, n kò sì dá sí i.

Bí mo bá ti ń sọ ìtàn yìí, ẹnìkan á ní robots.txt ló dé bá wọn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Robots.txt, fáìlì kékeré kan lórí wẹ́bùsáìtì, irú èyí tó ti wà láti 1994, ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí kò gbọdọ̀ wọ̀ láti kàwé. Kò sọ pé kó má dárúkọ ibẹ̀. Bí àwọn ẹlòmíràn bá nawọ́ línkì sí ojú ìwé tí ẹ fi robots.txt tì, Google ṣì lè to àdírẹ́sì rẹ̀ sínú àbájáde láìka ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó tún rúni lójú jù ni pé àṣẹ "má gbà mí sílé", ìyẹn noindex, inú ojú ìwé ló wà. Ẹni tó bá fi robots.txt tilẹ̀kùn mọ́ ọn ti dí ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti ka àṣẹ náà.

Èyí jẹ́ ti kí wọ́n rí yín. Ti kíka àwọn tó wọlé ní wàhálà tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti ń rí àgbàlagbà tó ń fi nọ́ńbà yangàn. Ẹ ó gbọ́ tí ẹnìkan á ní wẹ́bùsáìtì òun ń gba "hit" mílíọ̀nù kan lóṣù. Gbogbo fáìlì tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wẹ́bùsáìtì wà lórí rẹ̀, bá gbé jáde ni hit kan. Ojú ìwé kan tó ní àwòrán 30 á ju hit 30 lọ kí ènìyàn kan ṣoṣo tó rí i tán, àwọn róbọ́ọ̀tì tó ń kàwé kiri sì wà nínú rẹ̀. Google Analytics, irinṣẹ́ Google tó ń ka àwọn tó wọ wẹ́bùsáìtì, sàn ju ìyẹn lọ, àmọ́ "user" tó ń kà kì í ṣe ènìyàn. Bí mo bá fi fóònù wo ọjà yín láàárọ̀, tí mo tún fi kọ̀ǹpútà wò ó lálẹ́, ó lè kà mí sí méjì. Ẹni tí dátà rẹ̀ tán kí kóòdù Analytics náà tó délẹ̀, kò ní kà á rárá.

WhatsApp ni òwò Ìbàdàn ń gbà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan bá tẹ línkì yín látorí status ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni Analytics kì í mọ ibi tó ti wá, á wá kọ ọ́ sábẹ́ "Direct". Mo ti gbọ́ tí agbaninímọ̀ràn kan sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé Direct tó pọ̀ fi hàn pé àwọn ènìyàn ti há àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì náà sórí. Àdírẹ́sì tó ní àmì dáàṣì méjì nínú! Bákan náà ni ti ìlú. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń méfò ibi tí ènìyàn wà, nítorí náà ẹni tó jókòó sí Mókọ́lá lè hàn bí ará Èkó. Mo mọ ẹni tó fẹ́ torí èyí gba ṣọ́ọ̀bù n'Ìkẹjà.

Bounce rate ńkọ́? Nínú Analytics àtijọ́, tí Google dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2023, bí ènìyàn bá wo ojú ìwé kan ṣoṣo tó sì lọ, bounce ni. Ìyá àgbà tó wá nọ́ńbà oníṣègùn eyín, tó rí i, tó pè é, tó sì gba àkókò, bounce ni. Èyí tó rọ́pò rẹ̀, GA4, ń wò ó bóyá ènìyàn dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, tàbí bóyá ó wo ju ojú ìwé kan, tàbí bóyá ó ṣe ohun tí ẹ ní kí wọ́n máa kà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà pátápátá, síbẹ̀ mo ń rí àwọn tó gbé ti 2022 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 2024, tí wọ́n ní ìtẹ̀síwájú ti dé. Google sì ti sọ pé àwọn kì í fi ohun tó wà nínú Analytics yín to àbájáde, torí náà kí ẹnikẹ́ni má gba owó lọ́wọ́ yín láti "tún bounce ṣe fún Google".

Search Console, irinṣẹ́ tó ń fi bí wẹ́bùsáìtì yín ṣe ń hàn nínú àbájáde Google hàn yín, ni mo fẹ́ràn jù, ọ̀fẹ́ ni, ọwọ́ Google gan-an ló sì ti wá. Òun náà ní nọ́ńbà tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n kọ́kọ́ pa ojú dé sí: "average position", ìyẹn ìpíndọ́gba ipò. Bí ẹnìkan bá rí yín ní ipò 2, tí ẹlòmíràn rí yín ní ipò 18, á kọ 10 fún yín. Kò sẹ́ni tó rí yín ní ipò 10. Ìlà tó ní ohun tí àwọn ènìyàn tẹ̀ ni kí ẹ kà, àní bó tilẹ̀ jẹ́ pé Google máa ń fi àwọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn díẹ̀ tẹ̀ pamọ́ níbẹ̀. Níbẹ̀ la ti rí i pé ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì l'Ójé, tí wọ́n ti ń dààmú lórí "aso oke Nigeria", ń rí àwọn tó ń béèrè iye àkókò tí aṣọ òfì ọkọ ìyàwó máa ń gbà kí wọ́n tó hun ún tán. Ojú ìwé wọn kankan kò dáhùn ìyẹn. Ìyá sọ ọ́ lẹ́nu, mo kọ ọ́ sílẹ̀, a fi oríṣi òwú àti àkókò kọ̀ọ̀kan sí i. Kò gùn rárá. Àwọn tó ní àròkọ tí kò bá tó ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀rọ̀ kò lè gòkè kò bá Google sọ̀rọ̀, Google kò ní iye ọ̀rọ̀ kankan tó ń wá.

Àwòrán ni iṣẹ́ wà jù nídìí wẹ́bùsáìtì ìyá yìí. Bí fóònù ṣe yà á ni ọmọ wọn ṣe ń gbé e síbẹ̀, mẹ́gábáìtì mẹ́fà, méje. Google ń fẹ́ kí ohun tó tóbi jù lójú ìwé yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5, ó sì ń kà á mọ́ni lọ́rùn díẹ̀. Díẹ̀ ni o, kò lè gbé ọ̀rọ̀ tí kò dáhùn ìbéèrè ga ju èyí tó dáhùn lọ. Ká tilẹ̀ ní Google kò bìkítà, dátà oníbàárà ni a ń jẹ. Mo dín ìwọ̀n àwọn àwòrán náà kù, dípò kí n máa lé máàkì 100 lórí PageSpeed, irinṣẹ́ Google tó ń díwọ̀n bí ojú ìwé ṣe yára tó. Ìyá ní, "Ọmọ mi, ṣé àwọ̀ rẹ̀ ò ní ṣí báyìí?" Kò ṣí.

Lórí máàpù, a forúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn sílẹ̀ ní Google Business Profile. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnìkan sì ti fẹ́ gba owó ńlá lọ́wọ́ wọn nítorí rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni Google ní àwọn ń wò níbẹ̀: bóyá ohun tí ẹ ń tà bá ohun tí wọ́n ń wá mu, bí ẹ ṣe jìnnà sí ẹni tó ń wá a, àti bí ẹ ṣe lókìkí tó. Ti àárín yẹn kò ṣeé rà. Ẹni tó wà ní Àpáta á kọ́kọ́ rí aláṣọ tó wà nítòsí rẹ̀, ìyá l'Ójé kò sì lè bínú sí i.

Kí a lè mọ ẹni tó ń ti wẹ́bùsáìtì wá, ìyá kọ́kọ́ ń bi gbogbo ẹni tó bá pè wọ́n pé, "Níbo lẹ ti rí wa?", wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré. Àwọn tó wá látorí Facebook ń dáhùn pé Google, àwọn tó wá látọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn náà ń sọ pé Google. Ni mo bá fi línkì WhatsApp sábẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ de oníbàárà: "Mo rí aṣọ yìí lórí wẹ́bùsáìtì yín." Kó kàn fi ránṣẹ́ ni. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀. Àwọn tó kù, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, ń pa á rẹ́ pátápátá kí wọ́n tó kọ tiwọn: "Ẹ káàsán mà. Ẹ kú ọjà o. Èló ni?"